Ọ̀rá Ẹ̀gẹ́ àti Obì Ìyá Ràbí

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ láti Ẹ̀pẹ́, mo sì bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bá òun béèrè bóyá o ti ra nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé yàrá rẹ, nítorí ẹ̀fọn Ìkòròdú kò mọ ẹni tó lọ sí yunifásítì. Mo ti bá a béèrè o. Gbogbo ohun tó kù nínú lẹ́tà yìí, tèmi ni.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé bàbá rẹ mú bírò, ó jókòó, ó ń kọ̀wé. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, mo sì gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ṣeé sọ sí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí ìwé, ojú máa ń ti ènìyàn díẹ̀ díẹ̀, kì í tì í lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o pè mí láti Agbowa. Ohùn rẹ kò dùn. O ní iléeṣẹ́ yín rán ọ lọ kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí o tó padà lọ bá wọn sọ̀rọ̀ gan-an ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nípa ọ̀rá tí ẹ fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe. O ní alága wọn, màmá kan tó ń jẹ́ Ràbí, bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. O ní ọmọ Rájí tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ni ọ́. O ní, "Bàbá, Màmá Alága wò mí títí. Wọ́n wá ní, 'Rájí Onínáílọ́ọ̀nù?' Gbogbo àwọn tó kù wá ń wojú ara wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá? Kí ni wọ́n ń pè yín bẹ́ẹ̀ fún?"

O tún sọ èkejì kí n tó rí èsì fún ti àkọ́kọ́. O ní ọ̀gá rẹ ní kí o sọ fún àwọn obìnrin náà pé ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá dì sínú ọ̀rá yìí kò ní bàjẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. O ní nínú yàrá tútù tó wà ní iléeṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ugu tí ìwọ dì sínú rẹ̀ nínú kíṣíìnì rẹ ti ń yọ̀ ní ọjọ́ kẹta. O ní, "Bàbá, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Mo ní, "Hẹ̀lóò? Hẹ̀lóò? Mi ò gbọ́ ọ o," mo sì pa fóònù.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ẹ̀pẹ́ kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi. Mo gbọ́ ọ ketekete. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Látìgbà náà ni mo ti ń jẹ́ kí ìyá rẹ máa gbé ìpè rẹ, tí mo ń ṣe bí ẹni tó ń kírun nígbà gbogbo. Ìyá rẹ ní bí mo bá ń kírun tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ti fi mí ṣe lèmọ́mù.

Kí n tó sọ tèmi, jẹ́ kí n sọ èyí: mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ. Nígbà Iléyá tí o mú ègé ọ̀rá náà wálé, tí o ní bí a bá rì í mọ́lẹ̀ yóò jẹrà bí ewé, kò ní lọ dí gọ́tà fún ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ fi ahọ́n kàn án, ó ní ó jọ ẹ̀kọ tútù. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí o lọ, mo ri ègé kan sẹ́yìn kíṣíìnì, mo fi òkúta sí i lórí. Nígbà tí mo padà hú ibẹ̀, àfi èérún díẹ̀ tí mi ò lè yà sọ́tọ̀ lára ilẹ̀ ni mo bá. Inú mi dùn débi pé mo pe aládùúgbò wa kó wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ lásán, ó wojú mi, ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ṣé kò sí wàhálà?" Bí mo ṣe ń yangàn nípa rẹ nìyẹn, kí o mọ̀. Mo tún ṣì ní ègé díẹ̀ nínú èyí tí o fi sílẹ̀. Mo máa sọ ohun tí mo fi ṣe níwájú.

Ó yá, jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè rẹ.

Èmi náà ti ṣiṣẹ́ rí ní Ìkòròdú, kí n tó mọ ìyá rẹ. Ẹ̀yin ọmọ kò mọ̀, nítorí mi ò sọ fún yín. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe náílọ́ọ̀nù ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà, mo ní ṣòkòtò kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbòòrò tó lè gba ènìyàn méjì, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Agbowa ni ilé wa. Ìyá mi tó bí mi lọ́mọ ń ṣòwò obì gbànja níbẹ̀, àwọn àti obìnrin mélòó kan. Ìyá Ràbí wà lára wọn. Ọkọ Ìyá Ràbí ti kú, Ràbí tó di alága náà lónìí sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Ìwọ tí o ka ìwé lórí bí oúnjẹ ṣe ń pẹ́, gbọ́ bí àwọn obìnrin tí kò ka ìwé kankan ṣe ń tọ́jú obì. Bí wọ́n bá ti bó o tán tí wọ́n sì fọ̀ ọ́, wọn kì í dì í lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ sí ibòji kí ó sinmi, kí ooru ara rẹ̀ lọ, kí omi gbẹ lára rẹ̀. Wọ́n á wá fi ewé gbòdògí tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n á kó obì sí i, wọ́n á tún fi ewé bò ó. Láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n á tú u, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, wọ́n á pààrọ̀ ewé tó ti gbẹ. Obì tí wọ́n bá tọ́jú báyìí lè dúró ní oṣù púpọ̀ títí yóò fi di ọ̀wọ́n. Ìyá mi a máa sọ pé, "Obì ń mí. Ẹni tó bá dí i nímú ti pa á."

Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ayé ti lajú, ẹ̀yin ṣì ń já ewé kiri bí ewúrẹ́." Mo kó náílọ́ọ̀nù wálé láti ibi iṣẹ́, èyí tó nípọn, tó ń dán. Mo ní kí wọ́n kó obì wọn wá, pé mo máa bá wọn dì í, wọn kò ní tú u wò títí wọn yóò fi tà á.

Ìyá mi bi mí pé, "Rájí, ṣé o ti dán an wò?"

Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. A kì í dán ohun tí òyìnbó ṣe wò."

Àwọn obìnrin tó kù ní àwọn máa kọ́kọ́ wo bí ó ṣe rí. Ìyá Ràbí nìkan ló gbà. Ràbí ti ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ó sì ti yege. Obì agbọ̀n mẹ́rin tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tọ́jú di ìgbà ọ̀wọ́n, kí wọ́n lè fi rán an lọ. Wọ́n bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo fi ọwọ́ lu àyà. Mo ní, "Wàláì, ẹ ò ní rí ẹyọ kan ṣoṣo tó bàjẹ́ níbẹ̀."

Òwúrọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fọ obì náà. Omi ṣì wà lára rẹ̀, oòrùn sì ti ta sí i. Ó yẹ kó sinmi di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ wọkọ̀ padà sí ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo dì í bẹ́ẹ̀. Mo so ẹnu rẹ̀ pinpin, inú mi sì dùn sí ọwọ́ ara mi.

Ọjọ́ karùn-ún ni mo padà wálé. Nǹkan kan ní kí n lọ yọjú sí i. Ìyá Ràbí kò sí nílé, mo sì tú ọ̀kan nínú àwọn náílọ́ọ̀nù náà. Omi ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí omi ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmọrí ìkòkò gbígbóná. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbóná. Mélòó kan lókè ti hu funfun.

Àbẹ̀kẹ́, fetí sílẹ̀ dáadáa níbí yìí. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ṣì dára lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ti kígbe, tí mo sáré pe ìyá mi, à bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, à bá ṣa á, à bá já ewé. Ìyá Ràbí ì bá pàdánù ìwọ̀nba díẹ̀. Èmi náà ì bá gba èébú díẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tún ẹnu náílọ́ọ̀nù náà so, mo so ó bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé mo tú u. Mo sọ fún ara mi pé bóyá yóò gbẹ fúnra rẹ̀. Mo padà sí Ìkòròdú.

Nígbà tí Ìyá Ràbí tú u ní ìgbà ọ̀wọ́n, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo àwọn obìnrin yẹn dúró yí wa ká. O mọ ohun tí mo sọ? Mo ní obì wọn ti ní kòkòrò nínú tẹ́lẹ̀, pé kì í ṣe ẹ̀bi náílọ́ọ̀nù. Mo sọ ọ́ fún opó, lójú ọmọ rẹ̀. Ìyá Ràbí kò bá mi jà. Wọ́n ní, "Rájí, o ṣeun," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó obì náà lọ sí ààtàn. Ràbí ló ń bá wọn gbé e. Ó yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan, kò tún wò mí mọ́.

Ràbí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi í fọ́kọ. Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Ràbí lórí ohun tí èmi ṣe, èmi kò sì lọ. Kò pẹ́ tí mo fi iṣẹ́ náílọ́ọ̀nù sílẹ̀ tí mo kó wá sí Ẹ̀pẹ́. Mo ti sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé òwò ẹja ló gbé mi wá. Irọ́ ni. Ìtìjú ló gbé mi wá. Etí ọ̀sà ni mo ti wá bá ẹja. Nígbà tí ìyá mi kú, mo lọ sí Agbowa, a sin wọ́n, mo sì padà lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí Ìyá Ràbí kú, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ ju ogún ọdún lọ, òtítọ́ sì bá a lórí fóònù, lẹ́nu ọmọ tí mo bí.

Nítorí náà, bí mo bá ń gbà ọ́ nímọ̀ràn, má rò pé nítorí mo gbọ́n ni. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà mi nìyí, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ.

Èkíní. Ohun tí o bá fẹ́ tà fún àwọn ènìyàn, dán an wò níbi tí wọ́n ń gbé. Iléeṣẹ́ yín kò purọ́ lórí ọjọ́ mẹ́wàá. Inú yàrá tútù ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì rí i lóòótọ́. Ohun tí wọn kò rí ni Agbowa lọ́sàn-án. Wọn kò rí ugu tó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti oko títí dé Garáàjì Ìkòròdú, tí ẹrù mìíràn tún wà lórí rẹ̀. Ìwọ fi kíṣíìnì rẹ dán an wò láìsí ẹni tó rán ọ. Ọpọlọ tí èmi kò ní nìyẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ọ.

Èkejì, béèrè ohun tí àwọn obìnrin yẹn ti ń ṣe kí o tó dé. Mo mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá já ẹ̀fọ́ tán, wọ́n á bu omi wọ́n ọn kó lè máa tutù dé ọjà. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú agbọ̀n, nítorí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n sítáàṣì ni ọ̀rá yín. Kí ni sítáàṣì máa ń ṣe bí omi bá kàn án? Ìyá rẹ tó fi ahọ́n kàn án ti dáhùn ìyẹn.

Níbí ni mo ti fẹ́ sọ ohun tí mo fi àwọn ègé tó kù ṣe. Lọ́jọ́ kejì tí o pè mí, mo já ugu ẹ̀yìn ilé. Mo wọ́n omi sí ìdì kan, mo dì í lójú ẹsẹ̀. Èkejì, mo já a ní kùtùkùtù kí oòrùn tó ràn, mo tẹ́ ẹ sí ibòji títí ara rẹ̀ fi gbẹ, kí n tó dì í. Mo gbé àwọn méjèèjì sórí tábìlì ní kíṣíìnì, ìyá rẹ sì ní bí òun bá fi ìgbọ̀nwọ́ tì í ṣubú, kí n má bínú. Èyí tó lómi yọ̀ ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rá ara rẹ̀ sì rọ̀. Èyí tó sinmi wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kẹfà, a sì sè é jẹ ní ọjọ́ náà. Ó dùn. Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ugu tí kò sí nínú nǹkan kan a máa pọ́n kí ọjọ́ kejì tó pé. Ọjọ́ mẹ́fà tó jẹ́ òtítọ́, ẹni tó ń ti Agbowa gbé ẹ̀fọ́ lọ sí Ìkòròdú yóò dúpẹ́ rẹ̀.

Ìdánwò tí ìyá mi ní kí n ṣe nígbà yẹn nìyẹn. Mo jókòó ti ugu náà, àgbàlagbà bí èmi, omi ń bọ́ lójú mi. Ìyá rẹ rò pé àlùbọ́sà ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta: lọ bá ọ̀gá rẹ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Lọ bá a ní òun nìkan. Má lọ tako ọkùnrin náà níwájú àwọn obìnrin Agbowa, má sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Mú ugu dání, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí. Bí a bá sọ mẹ́wàá tí wọ́n sì rí mẹ́ta, wọn kò ní ra èyí tí a bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ láé." Ó ṣeé ṣe kó bínú. Ó ṣeé ṣe kó sọ fún ọ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Èmi ti ta èké rí, ọmọ mi. Ó tà wàràwàrà. Ohun tí kò sí lẹ́nu òwe yẹn ni pé orúkọ ẹni tó tà á ni àwọn oníbàárà máa ń gbé lọ sílé.

Bí ọ̀gá rẹ bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá ní kí o sọ mẹ́wàá tàbí kí o máa lọ? Mo mọ̀ pé o wá iṣẹ́ yìí pẹ́, mo mọ iye àárọ̀ tí o fi jókòó sílẹ̀ níbí tí o ń wo fóònù rẹ. Kò rọrùn fún mi láti kọ èyí. Máa bọ̀ wá sílé. Bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣì wà níbi tí o fi sí, àfi pé ìyá rẹ ti kó ìkòkò díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ó sàn kí o wálé láìníṣẹ́ ju kí o níṣẹ́ tí o kò ní lè gba Agbowa kọjá mọ́.

Mi ò mọ èwo ló kàn, bóyá ẹ̀kẹrin. Má ṣe da ẹ̀bi ohun tó bá bàjẹ́ sórí ẹni tó ni ín. Ọ̀rá yín yóò kùnà lọ́jọ́ kan, nítorí kò sí ohun tí kì í kùnà. Lọ́jọ́ náà, ẹnìkan ní ọ́fíìsì yóò sọ pé àwọn obìnrin yẹn ni kò lò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, kí o bá wọn kó èyí tó bàjẹ́ lọ sí ààtàn, kí ẹ tó jókòó sọ̀rọ̀ ẹ̀bi. Ohun tó dun Ràbí jù, mo rò pé kì í ṣe obì. Ìyá rẹ̀ tí mo sọ di ẹni tí kò mọ obì yàn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni mo fi sẹ́yìn, nítorí òun ló ń dùn mí jù. Bí o bá tú u tí o rí i pé ó ti ń gbóná, pariwo. Pariwo lọ́jọ́ náà gan-an. Àṣìṣe tí mo ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àìmọ̀kan ni, Ọlọ́run máa ń foríjì í, àwọn ènìyàn náà a máa foríjì í bí ó bá yá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mo fi tún ẹnu náílọ́ọ̀nù yẹn so lọ́jọ́ karùn-ún, mo ṣì ń wò ó báyìí bí mo ṣe fi ń kọ̀wé sí ọ. Ìwọ ti wà ní ọjọ́ karùn-ún tìrẹ báyìí, Àbẹ̀kẹ́. O ti tú u, o ti rí i, o sì pe bàbá rẹ. Bàbá rẹ ló pa fóònù.

Àwọn kéékèèké tó kù: wọ bàtà tí ẹrẹ̀ kò ní gbà lọ́wọ́ rẹ bí o bá ń lọ sí oko wọn. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ọ, jẹ ẹ́, má sọ fún wọn pé o ti jẹun. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Ìwé tí o kà kò ní tìtorí ìyẹn dà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, di ugu ìdì méjì bí mo ṣe ṣe é, ọ̀kan tó lómi àti ọ̀kan tó sinmi, kí o kó wọn dání lọ. Jẹ́ kí àwọn fúnra wọn tú u. Má sọ̀rọ̀ púpọ̀ títí wọn yóò fi tú u tán.

Ẹ̀gbọ́n aládùúgbò wa tó ń lọ sí Ìkòròdú ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kí ó fi lé ọ lọ́wọ́. Má pè mí lẹ́yìn tí o bá kà á. Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ pè mí. Jẹ́ kí a ríra.

Nítorí mo ń bọ̀ wá sí Agbowa ní Ọjọ́bọ̀ náà. Mo ti sọ fún ìyá rẹ, mo sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, òun náà kò gbọ́ ọ rí. Ó dìde, ó lọ bá mi wá ewé gbòdògí. Mo ti ra obì, agbọ̀n kan. Mo ti tẹ́ ẹ sí ibòji, ó ti sinmi, mo sì ti fi ewé wé e bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Mo mọ̀ pé obì agbọ̀n kan kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Mo kàn fẹ́ kí Ràbí tú u, kí ó rí i pé kò gbóná.

Bí o bá dé ibẹ̀ tí Màmá Alága bá tún bi ọ́ lójú gbogbo wọn pé ọmọ ta ni ọ́, má dáhùn. Jókòó ti ugu rẹ. Èmi ni yóò dìde láti ẹ̀yìn, èmi ni yóò sì dáhùn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún wa. Má gbàgbé nẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni bàbá rẹ,

Rájí Onínáílọ́ọ̀nù.